Kíka ọjọ́ kí a tó pa ẹran kò tó

Bí a bá bi olùsìn ẹran léèrè nípa áńtíbáyọ́tíìkì (oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn) tó ń lò, ohun tó sábà máa ń sọ ni pé òun kì í tà títí ọjọ́ tí wọ́n kọ sára páálí oògùn á fi pé. Ó ṣeun. Àmọ́ kí oògùn lè kúrò nínú ẹran, ẹyin àti wàrà ni ọjọ́ wọ̀nyẹn wà fún. Oògùn á ti tán lára ẹran, kòkòrò tí oògùn ọ̀hún kò ràn mọ́ á ṣì wà nínú ìfun rẹ̀, á sì bá a dé ibi ìpẹran. A kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá.

Ohun tí a ń fẹ́ kò lọ́jú pọ̀: kí òfin dá fífi áńtíbáyọ́tíìkì sínú oúnjẹ tàbí omi ẹran tí kò ṣàìsàn dúró, kí ẹnikẹ́ni má sì rí i rà láìsí ìwé dókítà ẹranko.

Ẹ wo bó ṣe ń lọ nínú ilé adìyẹ. Àìsàn mú díẹ̀ nínú ẹgbẹ̀rún adìyẹ, olùsìn sì da oògùn sínú táǹkì omi gbogbo wọn. Adìyẹ tó ń ṣàìsàn kì í fẹ́ jẹ, kì í fẹ́ mu. Èyí tí ara rẹ̀ le ló ń mu àmuyó. Aláìsàn gba ìwọ̀n tí kò tó, onílera gba ohun tí kò nílò. Bó bá jẹ́ oògùn ẹbí tetracycline, tí omi sì ní kálísíọ̀mù púpọ̀, àwọn méjèèjì á so mọ́ra, ìfun kò sì ní lè fa oògùn náà dáadáa. Nínú ìwọ̀n tí kò tó yìí, kòkòrò aláìlágbára á kú, èyí tó lè fara dà á á ráyè bí sí i.

Kòkòrò kan tún lè fún òmíràn ní àbùdá tó fi ń borí oògùn, kódà bí wọn kì í bá ṣe irú kan náà. Ní 2015, àwọn onímọ̀ ní Ṣáínà kéde irú àbùdá bẹ́ẹ̀, mcr-1, tí wọ́n rí lára ẹlẹ́dẹ̀, lára ẹran tútù àti lára aláìsàn. Oògùn tí àbùdá yìí ń borí ni colistin, èyí tí dókítà ń fi pamọ́ de ìgbà tí gbogbo ìyókù bá kùnà. Ṣáínà dá lílò rẹ̀ fún mímú ẹran tètè dàgbà dúró ní 2017. Íńdíà fòfin dè é fún ẹran jíjẹ ní 2019.

Àwọn kan ní ẹran á wọ́n. Sweden ti dá fífi áńtíbáyọ́tíìkì mú ẹran tètè dàgbà dúró láti 1986, gbogbo Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù láti January 2006, wọ́n ṣì ń sìn ẹran. Kò rọrùn o: ní Denmark, ìgbẹ́ gbuuru pọ̀ sí i lára ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ lẹ́yìn ìdádúró náà. Ohun tó ń ṣèrànwọ́ ni kí wọ́n má já ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ lẹ́nu ọmú kí ó tó pé ọjọ́ 28, abẹ́rẹ́ àjẹsára, àti kíkó ọ̀wọ́ kan jáde tán, kí a fọ ilé, kí ó gbẹ, kí òmíràn tó wọlé.

Ẹni tó ń sè ẹran náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Kòkòrò tí oògùn kò ràn, iná ń pa á: kí àárín ẹran adìyẹ gbóná dé 74°C, kí pátákó ẹran tútù má kan ewébẹ̀, kí a má sì fi omi ṣan adìyẹ tútù, torí omi tó ń ta ń gbé kòkòrò káàkiri. Àmọ́ ìkòkò ọbẹ̀ kò lè dé orí ìgbẹ́ ẹran tí wọ́n ń dà sóko, tàbí ọwọ́ òṣìṣẹ́ ọgbà ẹran. Ìjọba ni iyẹn kàn.

Ní 2019, kòkòrò tí oògùn kò ràn ló fa ikú bíi mílíọ̀nù 1.27 lágbàáyé. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ti ọ̀dọ̀ ẹran wá. Ìlòkulò láàárín ènìyàn náà pọ̀. Síbẹ̀, ìjọba tí kò bá tíì mọ iye kílò áńtíbáyọ́tíìkì tí wọ́n ń tà fún ẹran lọ́dún, kí ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, kí ó sì kọ́kọ́ kó colistin kúrò ní ilé ìtajà oúnjẹ ẹran.