Irọ́ ni pé spíkà tẹlifíṣọ̀n gbọ́dọ̀ dákẹ́
Ẹ̀yin ará, èyí tí wọ́n ń gbé kiri pé téèyàn bá ti so ìápíìsì Bluetooth mọ́ tẹlifíṣọ̀n, spíkà tẹlifíṣọ̀n náà máa dákẹ́ dandan, torí náà kí màmá tí etí wọn ò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ràn mọ́ lọ máa wo tiwọn ní yàrá, kì í ṣòótọ́ rárá o. Ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n ń ṣe bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ àwọn LG tuntun kan máa ń jẹ́ kẹ́ ẹ yan Bluetooth àti spíkà pọ̀, Samsung míì náà ní Multi-output Audio (ìyẹn ni pé ohùn á jáde níbi méjì pọ̀) nínú Accessibility tó wà ní Settings ẹ̀, màmá á yí ohùn ìápíìsì tiwọn sókè, ariwo ò ní pa àwọn ọmọ létí. Ẹ ṣáà ní kí ọlọ́jà ṣí ètò náà lórí tẹlifíṣọ̀n níwájú yín kẹ́ ẹ tó sanwó, kẹ́ ẹ fetí ara yín gbọ́ ọ, torí ohùn Bluetooth lè pẹ́ díẹ̀ ju ti spíkà lọ.