"Eré Ni Wọ́n Ń Ṣe" Kẹ̀?

Ó ti sú mi. Mo ní ó ti sú mi! Kí ẹnikẹ́ni nínú ilé yìí má tún sọ fún mi mọ́ nípa ọmọdé àti ajá pé "ẹ fi wọ́n sílẹ̀, eré ni wọ́n ń ṣe."

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, ní Pánṣẹ́kẹ́, l'Abẹ́òkúta níbí, mò ń fọṣọ lẹ́yìnkùlé nígbà tí mo gbọ́ ariwo níwájú ilé. Ọmọ ọdún 6 ló gun Tanímọ̀la, ajá mi, bí ẹni gun ẹṣin, ó di etí ẹ̀ méjèèjì mú. Àgbàlagbà mẹ́rin jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Ọ̀kan na fóònù, ó ń ya fídíò. "Gbé e ṣubú! Fa ìrù ẹ̀!" Àgbà mẹ́rin o! Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Tiwa wà lórí bẹ́ǹṣì, orí ọmọ wọ́.

Ajá náà ti sọ tẹnu ẹ̀. Ó ń lá ètè láìjẹun. Ó ń yán, bẹ́ẹ̀ oorun ò kùn ún. Ó yí ojú kúrò lọ́dọ̀ ọmọ náà títí a fi ń rí funfun ẹyinjú ẹ̀, ó ká ìrù sábẹ́ ikùn, ara ẹ̀ le gbagidi. Lẹ́yìn náà ló wá kùn. Kí ni ẹni tó mú fóònù ṣe? Ó fi sálúbàtà gbá a lórí pé kó dákẹ́! Ajá tí ẹ bá ń nà nítorí pé ó kùn, kíkùn yẹn ló máa fi sílẹ̀, kì í ṣe ìbínú. Lọ́jọ́ mìíràn, á bu èèyàn jẹ láìkìlọ̀.

Mo pariwo pé, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọmọ yẹn kalẹ̀!" Èsì tí wọ́n fún mi náà nìyẹn, pé eré ni. Kí n tó débẹ̀, ajá ti bu ọmọ jẹ lápá.

Eré wo? Ajá tó ń ṣeré á tẹ àyà balẹ̀, á na ìdí sókè, á sá lọ, á tún sá padà wá. Èmi fúnra mi máa ń bá Tanímọ̀la fa okùn, a jọ ń yí nílẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n tí mo bá dáwọ́ dúró, òun ló ń padà wá bá mi. Ajá tí ọmọ jókòó lé lẹ́yìn, ibo ló fẹ́ gbà lọ?

Ẹnì kan sáré gbé epo pupa wá, òmíràn ń já ewé. Mo gba ọmọ náà lọ́wọ́ wọn, mo fi omi ẹ̀rọ àti ọṣẹ fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15 gbáko. Ó ń ké, èmi náà ń sunkún. Omi àti ọṣẹ yẹn, pẹ̀lú abẹ́rẹ́, la fi ń dènà dìgbòlugi. Tí àìsàn yẹn bá ti fara hàn lára èèyàn, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ẹni tó ń yè é. A gbé e sórí ọ̀kadà, ó di ilé ìwòsàn.

Nígbà tí a fi máa dé, wọ́n ti so okùn mọ́ Tanímọ̀la lọ́rùn. Wọ́n fẹ́ pa á. Bàbá onílé ní kí n pe ẹlẹ́ran ajá kó wá rà á. Mo kúnlẹ̀ fún wọn, mo fi káàdì abẹ́rẹ́ ẹ̀ hàn wọ́n. Kò sí ọdún tí n kì í gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ẹranko ti FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Alábàtà. Mo ní ajá tó bu èèyàn jẹ, ọjọ́ 10 la fi ń so ó mọ́lẹ̀, tí a ó máa wò ó. Tára ẹ̀ bá dá títí ọjọ́ náà fi pé, a jẹ́ pé kò sí dìgbòlugi nínú itọ́ ẹ̀ lọ́jọ́ tó buni jẹ. Ẹni tó bá sáré pa á, kí ló fẹ́ wò?

Òní ló pé ọjọ́ 6. Ajá mi wà lórí ìso, ó ń jẹun, ó ń ju ìrù. Ọmọ náà ń wá sójú fèrèsé, ó ń bi mí bóyá Tanímọ̀la ṣì ń bínú sí òun. Àwọn mẹ́rin orí bẹ́ǹṣì, kò tíì sí èyí tó bèèrè ọmọ tàbí ajá.