Àgbọ̀nrín Ilẹ̀ Kétu Kì í Ṣe "Biche"

Ní Kétu níbí, bí èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi bá ti ìgbẹ́ ọdẹ dé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí a sì sọ àgbọ̀nrín kalẹ̀, ẹni àkọ́kọ́ tó bá kọjá yóò kí wa kú oríire pé a pa "biche". Orúkọ Faransé yìí ti mọ́ wa lẹ́nu débi pé ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ẹran kan náà ni pẹ̀lú èyí tí àwọn òyìnbó ń dọdẹ rẹ̀ nínú fídíò, gẹ́gẹ́ bí àwọn ará wa ní Nàìjíríà ṣe ń pè é ní "deer". Kò rí bẹ́ẹ̀.

Biche ni abo ẹran tí akọ rẹ̀ ń jẹ́ cerf. Yúróòpù, Éṣíà àti Amẹ́ríkà ni ìdílé ẹran yìí pọ̀ sí. Èyí tó wà ní Áfíríkà kò kọjá apá àríwá, ní Àlgéríà àti Tùnísíà. Ìdílé màlúù àti ewúrẹ́ ni àgbọ̀nrín tiwa wà. Biche kì í sì í hu ìwo rárá, nítorí náà ẹni tó bá nawọ́ sí akọ àgbọ̀nrín oníwo, tó pè é ní biche, àṣìṣe méjì ló ṣe lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọ̀rọ̀ ìwo yìí ti da wa lágara rí. Ọ̀rẹ́ wa kan, tó fẹ́ràn fídíò ọdẹ òyìnbó ju oúnjẹ lọ, ní kí a máa wá ìwo tó já bọ́ sílẹ̀, kí a lè mọ ibi tí àgbọ̀nrín ń gbà. Cerf ló ń ṣe bẹ́ẹ̀: egungun ni ìwo rẹ̀, ó ń já bọ́ lọ́dọọdún, òmíràn a sì hù, tí awọ onírun múlọ́múlọ́ yóò bò títí yóò fi gbó. Ní ti àgbọ̀nrín, egungun wà nínú ìwo, ohun tó bò ó sì dà bí èékánná; kì í já bọ́, bó bá sì ṣẹ́, kì í hù padà. Igi ìdáná nìkan la rí gbé wálé lọ́jọ́ náà.

Èyí tó burú jù ni ti àsìkò. Ní Yúróòpù, cerf ń gùn nígbà ìwọ́wé, ní nǹkan bí oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá, abo rẹ̀ a sì bímọ ní nǹkan bí oṣù karùn-ún sí ìkẹfà. Àwọn kan gbé ìṣirò yìí wá sí igbó wa, wọ́n ní àsìkò kan wà tí abo àgbọ̀nrín kì í lóyún. Àgbọ̀nrín èṣí ni wọ́n ń jẹ lọ́bẹ̀! Oyún àgbọ̀nrín tó bí oṣù 6, kò sì ní àsìkò kan pàtó. Oṣù yòówù tí a bá wọ ìgbẹ́, abo tó wà níwájú ìbọn lè lóyún, tàbí kó ti fi ọmọ rẹ̀ pamọ́ sínú igbó kó tó jáde wá jẹko.

Nítorí pé abo kì í ní ìwo, a jọ fi ẹnu kò pé ẹni tí kò bá rí ìwo kò gbọdọ̀ yìnbọn. Àwọn kan nínú wa máa ń kùn sí òfin yìí lọ́jọ́ tí a bá padà wálé lọ́wọ́ òfo, ọ̀rẹ́ wa onífídíò ló sì ń kùn jù.