Ebi Kúrò Nínú Ìṣẹ́, Ó Ku Àìsàn

"Bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe." A máa ń fi òwe yìí ṣìpẹ̀ fún ẹni tí kò lówó lọ́wọ́ ṣùgbọ́n tó rí jẹ. Òótọ́ ni. Ẹni tó yó ti kúrò lẹ́ni tí à ń káàánú. Ṣùgbọ́n ẹ tún un gbọ́ dáadáa: ìṣẹ́ ni àgbà ní ó bùṣe, wọn kò ní àìsàn bùṣe.

Ní nǹkan bí 10,000 ọdún sẹ́yìn, àwọn ará Abu Hureyra, ìlú àtijọ́ kan létí odò Yúfírétì ní Síríà, ń dáko. Kí wọ́n tó dáko, ẹran igbó ni wọ́n ń pa, èso àti hóró igbó tí wọ́n sì ń ṣà lé ní 100 irú. Nígbà tó yá, àlìkámà àti ọkà báálì di oúnjẹ òòjọ́. Ìlú kún, àká kún.

Ní 1972 àti 1973, kí omi ìdídò tó bo ibẹ̀ mọ́lẹ̀, àwọn awalẹ̀pìtàn hú egungun àwọn ará ìlú náà. Theya Molleson, obìnrin kan ní Lọ́ńdọ̀nù tó mọ egungun kà, yẹ̀ wọ́n wò. Oríkèé àtàǹpàkò ẹsẹ̀ àwọn obìnrin ti jẹ, orúnkún wọn ti bà jẹ́, eegun ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn wọn ti fún pọ̀. Kí ló ṣe wọ́n? Ọlọ ni. Wọ́n á kúnlẹ̀, wọ́n á ká ìka ẹsẹ̀ sábẹ́, wọ́n á fi ọmọ ọlọ ti ọkà síwájú, wọ́n á fà á sẹ́yìn, ọ̀pọ̀ wákàtí lójúmọ́. Òkúta tó ń ha sínú ìyẹ̀fun sì ń fọ́ wọn léyín. Ìkúnlẹ̀ abiyamọ la fi ń bẹ̀bẹ̀. Ìkúnlẹ̀ ọlọ ńkọ́, ta ló rò ó?

Ìyá ìyá mi lọ ata àti ẹ̀gúsí lórí ọlọ títí ó fi darúgbó. Orúnkún rẹ̀ méjèèjì dúdú, ó le bí àtẹ́lẹ̀ bàtà. Bó bá fẹ́ dìde, á kọ́kọ́ fọwọ́ ti ìyá ọlọ, á ní, "Yéè, orúnkún mi o."

Èmi kò bú àgbẹ̀ o. Owó oko ló rán mi níléèwé. Kí ló dé tí àwọn ará Abu Hureyra kò padà sígbó? Ọmọ ni. Nígbà tí wọ́n mọ ìkòkò, tí wọ́n ń se ọkà rọ̀ bí ẹ̀kọ, wọ́n ń tètè já ọmọ lẹ́nu ọmú, ìyá ń tètè lóyún òmíràn, ẹnu sì pọ̀ débi pé igbó kò lè bọ́ wọn mọ́. Ilé fún mọ́ ilé, àrùn tó bá wọ ọ̀kan á yí ká.

Tiwa ńkọ́? Àìsàn tí oko fà bá wa wọnú ẹ̀jẹ̀ lọ. Ní 1958, Frank Livingstone, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, ṣàlàyé pé bí àwọn àgbẹ̀ ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà ṣe ń ṣán igbó láti gbin iṣu, oòrùn ráyè dé ojú omi tó dárogún, ibẹ̀ sì ni ẹ̀fọn tó ń gbé ibà kiri fẹ́ràn láti yé sí. Ibà ń pa ọmọ wẹ́wẹ́, ṣùgbọ́n kì í sábà pa ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ AS. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ AS ṣe gbilẹ̀, tí nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin fi ní i ní Nàìjíríà lónìí. Bí AS bá wá fẹ́ AS, wọ́n lè bí SS, fòníkú-fọ̀ladìde. Ebè tó bọ́ àwọn baba wa ló lànà fún ìrora ọmọ tó ń ké "egungun mi" lóru.

Ẹ̀yin tí ẹ ń múra ìgbéyàwó, ẹ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí ẹ tó ra aṣọ ẹbí. Ẹ̀yin ìyá, bí ọmọ bá mu ògì yó tó sùn, ẹ má tíì sọ pé ó bùṣe. Ọkà nìkan ló wà nínú ògì. Ẹ po ẹ̀wà tí ẹ lọ̀ kúnná mọ́ ọn, tàbí ẹja gbígbẹ tí ẹ gún, kí ẹ sì fi ẹ̀fọ́ díẹ̀ kún un bó bá ti lè jẹ ẹ́.