Wọ́n ní ká máa fọwọ́ ara wa ṣe é

Ó ti sú mi! Mo fẹ́ pààrọ̀ nọ́ńbà fóònù mi lórí portal òṣìṣẹ́ ibi iṣẹ́ wa níbí l'Abẹ́òkúta. Mo tẹ nọ́ńbà tuntun, ó ní òun ti fi OTP, kóòdù tí wọ́n fi ń mọ̀ pé èmi ni, ránṣẹ́. Síbo? Sí nọ́ńbà àtijọ́, èyí tí mo fẹ́ yọ gan-an! Ẹlòmíì ló ti ń lò ó báyìí. Mo pè é, bàbá kan ló gbé e, ó ní, "Ìyá, kí ni gbogbo kóòdù tó ń wọlé wọ̀nyí?"

Mo lọ bá àwọn tó ń rí sọ́rọ̀ òṣìṣẹ́. Ọmọbìnrin yẹn ò tiẹ̀ gbójú sókè. "Mà, ẹ lọ ṣe é lórí portal." Portal tó lé mi wá náà ni o! Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́dọ̀ tọrọ ìsinmi. Bàbá mi tó ti kú ni wọ́n ṣì kọ síbẹ̀ pé kí wọ́n pè tí nǹkan bá ṣe mí. Ó ń dùn mí.

Wọ́n tún wá ní kí n mú fọ́tòkópì NIN wá, ẹ̀dà mẹ́ta, fún fáìlì. Fáìlì kẹ̀! Ẹ fi èèyàn kan síbẹ̀ tó máa wo káàdì mi, tó máa wo ojú mi, kó sì tún un ṣe.