VAT kò tíì di 10%: lẹ́tà àtijọ́ lẹ pín

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ tí ẹ pín yẹn kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ ní aṣojú wa l'Abuja kọ ọ́ sínú lẹ́tà ọ̀sẹ̀ yìí pé VAT (owó orí tí à ń san lórí ọjà) ti di 10%, pé ìjọba á sì máa gé owó orí lára gbogbo owó tó bá wọ àkáǹtì, títí kan èyí tí ọmọ fi ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀.

Lóòótọ́, 10% wà nínú àbá òfin owó orí tí Ààrẹ Tinubu gbé lọ sílé aṣòfin ní 2024. Àwọn gómìnà ò fara mọ́ ọn, àwọn aṣòfin náà sì yọ ọ́. Òfin tí Ààrẹ buwọ́ lù ní 26 Oṣù Kẹfà 2025 fi VAT sílẹ̀ ní 7.5%. Lẹ́tà ìgbà tí àbá náà ṣì wà níwájú ilé lẹ rí. Ẹ tún wo déètì orí rẹ̀. (Lẹ́tà àwọn aṣojú máa ń gùn, mo gbà. Ta ló ń kà á tán?)

Owó tí ọmọ fi ta ìyá rẹ̀ lọ́rẹ kò ní owó orí. ₦50 tí báǹkì máa ń gé tí èèyàn bá fi ₦10,000 sókè ránṣẹ́ ti wà tipẹ́. Ohun tó yí padà láti 1 Oṣù Kìíní 2026 ni pé ẹni tó fi owó ránṣẹ́ ló ń san án báyìí, kì í ṣe ẹni tó gbà á.

Èyí tó yẹ kí ẹ pín rèé: ₦800,000 àkọ́kọ́ nínú owó tí wọ́n fẹ́ gba owó orí lé lórí lọ́dún kò ní owó orí rárá. Ẹni tó ń háyà ilé sì lè yọ 20% owó ilé ọdún kan kí wọ́n tó ṣírò owó orí tirẹ̀, ṣùgbọ́n iye tó máa yọ kò gbọdọ̀ ju ₦500,000 lọ. Ẹ gba rìsíìtì lọ́wọ́ láńlọ́ọ̀dù yín o.