Kì í ṣe láti lé Ọlọ́run jáde ni wọ́n ṣe gbé àbá Big Bang kalẹ̀

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo ti gbọ́ lẹ́nu àwọn oníwàásù, tí mo sì tún ti gbọ́ lẹ́nu àwọn tí kò gbà pé Ọlọ́run wà, tí ohùn àwọn méjèèjì sì ṣọ̀kan lórí rẹ̀: pé àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tí kò fẹ́ gbọ́ orúkọ Ẹlẹ́dàá sétí ni wọ́n jókòó hùmọ̀ àbá Big Bang, èyí tí ó sọ pé àgbáálá ayé há pọ̀, ó sì gbóná, nígbà kan rí, kí ó tó máa fẹ̀ sí i títí di òní, kí wọ́n lè rí nǹkan fi dípò ìṣẹ̀dá. Oníwàásù a sọ ọ́ tìbínú-tìbínú, ẹnì kejì a sì sọ ọ́ bí ẹni tí ó ti ojú ogun bọ̀ pẹ̀lú ìṣẹ́gun. Ìtàn bí àbá náà ṣe délé ayé kò gbè lẹ́yìn ẹnikẹ́ni nínú wọn.

Àlùfáà ìjọ Àgùdà ni ó gbé e kalẹ̀. Georges Lemaître ni orúkọ rẹ̀, ọmọ ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀m tí wọ́n bí ní ọdún 1894. Ó jagun nínú Ogun Àgbáyé Kìíní, wọ́n sì fi í sí ipò àlùfáà ní ọdún 1923, lẹ́yìn èyí tí ó lọ kẹ́kọ̀ọ́ sí i lọ́dọ̀ awòràwọ̀ Arthur Eddington ní Cambridge, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí ó tó rékọjá sí Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1927, nígbà tí ó ti padà sílé, tí ó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì Louvain, ó tẹ ìwádìí kan jáde ní èdè Faransé, ó sì fi ìṣirò hàn nínú rẹ̀ pé àgbáálá ayé kò dúró sójú kan, pé ńṣe ni ó ń fẹ̀ sí i. Òótọ́ ni pé Alexander Friedmann, onímọ̀ ìṣirò ará Rọ́ṣíà, ti rí irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1922, ṣùgbọ́n Lemaître ni ó so ó pọ̀ mọ́ ohun tí àwọn awòràwọ̀ ń rí lójú ọ̀run. Inú àbá Albert Einstein fúnra rẹ̀ nípa agbára òòfà tí ń fa nǹkan wálẹ̀ ni ìṣirò náà ti jáde, síbẹ̀ nígbà tí àwọn méjèèjì pàdé ní Brussels lọ́dún yẹn, Einstein sọ fún àlùfáà náà pé ìṣirò rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n òye rẹ̀ nípa físíìsì burú jáì.

Ẹni tí ó bá fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí ohun tí Lemaître ń sọ lè mú okùn rọ́bà kan, kí ó fi bírò kán àmì mẹ́ta sí i lára, kí sẹ̀ǹtímítà kọ̀ọ̀kan wà láàárín wọn, kí ó wá fà á títí yóò fi gùn ní ìlọ́po méjì. Àmì kejì, tí ó jìnnà sí àkọ́kọ́ ní sẹ̀ǹtímítà 1, yóò ti di sẹ̀ǹtímítà 2 sí i. Ẹ̀kẹta, tí ó wà ní 2, yóò ti di 4. Fífà kan náà ni a fà á, síbẹ̀ èyí tí ó jìnnà jù ni ó sún jù, kò sì sí ìkankan nínú wọn tí ó rìn lórí rọ́bà. Ohun tí awòràwọ̀ Edwin Hubble fi hàn ní ọdún 1929, láti ibi awò awọ̀nàjíjìn tí ó wà lórí Òkè Wilson ní California, nìyẹn: bí ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ kan bá ṣe jìnnà sí wa tó ni ó ṣe ń yára sá fún wa tó. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ náà “ìbúgbàmù”, tí àwọn ènìyàn fi ń túmọ̀ orúkọ àbá yìí, fi ń ṣini lọ́nà. Kò sí ojú ibì kan tí nǹkan ti bú bí àdó olóró. Àyè fúnra rẹ̀ ni ó ń nà, kò sì ní àárín kan tí a lè nawọ́ sí.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1931 ni Lemaître wá ro ọ̀rọ̀ náà padà sẹ́yìn. Ohun tí ó ń fẹ̀ lónìí ní láti kéré lánàá. Ó kọ lẹ́tà kékeré kan sí ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì tí ń jẹ́ Nature, pé ó ṣeé ṣe kí gbogbo ohun tí ó wà ti bẹ̀rẹ̀ láti inú átọ̀mù kan ṣoṣo. Ìwé tí ó fi ẹ̀rọ tẹ̀ kí ó tó fi ránṣẹ́ ṣì wà, òun gan-an sì ni ó máa ń wù mí kí àwọn tí ń jiyàn yìí wò: ìpínrọ̀ tí ó kẹ́yìn rẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa Ọlọ́run, pé Ọlọ́run tí ó fara pamọ́ ni, ṣùgbọ́n wọ́n ti fa ìlà kọjá lórí gbogbo rẹ̀, kò sì sí nínú èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde. Kì í ṣe pé ó ń tijú Ọlọ́run o. Ó sọ lẹ́yìn náà pé ọ̀nà méjì ni ó wà tí ènìyàn fi lè dé ibi òtítọ́, pé òun sì ti pinnu láti tọ méjèèjì. Ohun tí kò fẹ́ ni kí wọ́n sọ ọ̀kan di ọ̀pá ìtilẹ̀ fún èkejì.

Ta wá ni ó ta ko àbá náà? Eddington, olùkọ́ rẹ̀, onígbàgbọ́ nínú ìjọ Quaker ni, síbẹ̀ ó sọ gbangba pé èrò pé ayé ní ìbẹ̀rẹ̀ ń kọ òun lára. Fred Hoyle, awòràwọ̀ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní tirẹ̀ kò ka ìsìn sí, ó sì rí àbá náà bí ọ̀rọ̀ ìsìn tí wọ́n wọ ẹ̀wù sáyẹ́ǹsì fún. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì gbé àbá tiwọn jáde ní ọdún 1948 pé àgbáálá ayé kò ní ìbẹ̀rẹ̀ rárá, nígbà tí ó sì ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò BBC ní ọdún 1949 ni ó pe àbá Lemaître ní “Big Bang”, tí orúkọ tí ó ti ẹnu alátakò jáde fi lẹ̀ mọ́ ọn títí dòní. Ní Soviet Union nígbà ayé Stalin, níbi tí ìjọba ti ń kọ́ àwọn ará ìlú pé kò sí Ọlọ́run, ojú burúkú ni wọ́n fi wò ó, nítorí pé ó jọ ìwé Jẹ́nẹ́sísì jù lójú wọn. Àwọn tí wọ́n fẹ́ lé Ọlọ́run jáde gan-an ni àbá náà ń bà lẹ́rù nígbà náà.

Àwọn onígbàgbọ́ náà sáré sí i ní tiwọn. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1951, Póòpù Pius Kejìlá sọ fún àwọn onímọ̀ tí wọ́n péjọ sọ́dọ̀ rẹ̀ pé ó dà bí ẹni pé sáyẹ́ǹsì ti padà sẹ́yìn lọ jẹ́rìí sí “Kí ìmọ́lẹ̀ kí ó wà.” Inú Lemaître kò dùn sí i. Ohun tí àbá náà sọ ni pé nǹkan bí bílíọ̀nù ọdún 13.8 sẹ́yìn (bí a ṣe kà á lónìí), gbogbo ohun tí a ń rí há pọ̀, ó sì gbóná kọjá sísọ. Kò sọ ohun tí ó fà á, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ pé òfìfo ni ó bí i. Lọ́dún tí ó tẹ̀ lé e, nígbà tí Póòpù bá àwọn awòràwọ̀ sọ̀rọ̀ ní Rome, kò tún ọ̀rọ̀ ọjọ́sí sọ.

Ariwo kan ni ó parí ìjà Hoyle. Ní ọdún 1964, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì, Arno Penzias àti Robert Wilson, ń lo áńtẹ́nà ńlá kan ní Holmdel, ní New Jersey, ariwo fẹ́ẹ́rẹ́ kan sì wà tí kò dáwọ́ dúró tọ̀sán-tòru, ibikíbi tí wọ́n bá kọjú ẹ̀rọ náà sí. Wọ́n bá ẹyẹlé méjì nínú rẹ̀, wọ́n lé wọn, wọ́n sì fọ ìgbẹ́ ẹyẹlé kúrò. Ariwo náà kò lọ. Ìtànṣán tí ó ṣẹ́ kù láti ìgbà tí àgbáálá ayé gbóná ni, tí ó ti tutù di nǹkan bí ìwọ̀n 270 lábẹ́ òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius; àbá Hoyle kò sì ní irú ìgbà bẹ́ẹ̀ nínú. Tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ pàápàá ń gbà á: díẹ̀ nínú ohun tí ń ta wẹ́rẹwẹ̀rẹ lójú rẹ̀ nígbà tí ìkànnì kankan kò bá wọlé, ibẹ̀ ni ó ti wá. Wọ́n tẹ ìròyìn náà jáde ní ọdún 1965. Orí àìsàn ni Lemaître wà nígbà tí ẹni tí ń ràn án lọ́wọ́ lẹ́nu iṣẹ́ mú un wá sétí rẹ̀, ní oṣù Kẹfà ọdún 1966, ó sì kú ní ogúnjọ́ oṣù náà.